Ìlù Kì Í Dá Nìkan Padà Wálé

Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ní Èjìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tó gba Kútọnu, Lomé àti Accra kọjá, Abidjan ni ìrìn-àjò ọ̀pọ̀ ti ń parí. Ó ti tó ìran mélòó kan tí àwọn Yorùbá ti ń ṣòwò ní Treichville àti Adjamé, tí àwọn ọmọ wọn ń sọ Faransé bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí Adjamé tó di ibi ọjà àti gáréèjì tí a mọ̀ lónìí, abúlé ni. Ó wà lára àwọn abúlé tí àwọn Bidjan tẹ̀ dó sítòsí ọ̀sà. Àwọn Bidjan yìí jẹ́ ẹbí kan láàárín ẹ̀yà Atchan, tí àwọn àlejò ń pè ní Ébrié. Wọ́n ní ìlù kan tó ń sọ̀rọ̀. Djidji Ayôkwé lorúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1916, alákòóso òyìnbó kan tó ń jẹ́ Marc Simon ní kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì gbà á. Láti ọjọ́ náà ni ìlù ọ̀hún ti dákẹ́.

Ní ọjọ́ keje oṣù Keje ọdún 2025, àwọn aṣòfin ilẹ̀ Faransé dìbò pé kí wọ́n yọ Djidji Ayôkwé kúrò lára ohun-ìní ìjọba wọn, kí wọ́n sì dá a padà fún Côte d'Ivoire. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yọ̀, ó sì yẹ kí wọ́n yọ̀. Èmi náà yọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin òǹkàwé jọ yẹ̀ wò: nígbà tí wọ́n mú ìlù yìí lọ, kí ni wọ́n mú lọ gan-an? Bí a kò bá mọ ohun tó lọ, a kò ní mọ̀ bóyá ó ti dé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìlù náà fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ìlù aláwọ bíi dùndún tàbí bàtá. Odindi ìtì igi ìrókò kan ni wọ́n là ní ojú tóóró, tí wọ́n sì ti ojú tóóró náà gbẹ́ inú rẹ̀ kúrò. Ó gùn ju mítà mẹ́ta lọ, ó sì wúwo tó kílò 430. Wọ́n gbẹ́ ẹkùn sára rẹ̀, àwọn kan sì túmọ̀ orúkọ rẹ̀ sí ẹkùn-òun-kìnnìún. Àtàrí àjànàkú kì í ṣe ẹrù ọmọdé: irú ìlù báyìí kì í ṣe èyí tí onílù ń fi kọ́ èjìká tẹ̀lé ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ojú kan ni ó máa ń wà, ohùn rẹ̀ ló ń rìn. Ó ń rìn gba orí omi ọ̀sà àti inú igbó, títí yóò fi dé abúlé tí ojú kò lè tó.

Ọ̀rọ̀ ló sì ń sọ, kì í ṣe ariwo lásán. Irú ìlù onígi báyìí máa ń ní ètè méjì, èyí tó nípọn àti èyí tó fẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá lu ọ̀kan, ohùn òkè ni. Bí wọ́n bá lu èkejì, ohùn ìsàlẹ̀ ni. Èdè Atchan jẹ́ èdè olóhùn bíi Yorùbá, nítorí náà ìlù lè tẹ̀lé ìró ọ̀rọ̀ bí gángan ṣe ń tẹ̀lé tiwa. Ṣùgbọ́n ìró nìkan kò tó. Àwọn tó dàgbà sí ìdí rédíò ní Ìbàdàn rántí ìlù tí wọ́n fi ń ṣí ètò. Orúkọ ilé iṣẹ́ rédíò náà lédè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní ìlù ọ̀hún ń pè, ṣùgbọ́n ohun tí etí àwọn ará ìlú gbọ́ ni ìbéèrè pé bí Olúbàdàn bá kú, ta ni yóò jọba. Ìró kan náà, ìtumọ̀ méjì. Ìdí nìyẹn tí àwọn baba wa fi sọ pé bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo: ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ kò lè dá wà. Ẹni tó ń lù ú gbọ́dọ̀ wà, ẹni tó gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ wà, àdéhùn sì gbọ́dọ̀ wà láàárín àwọn méjèèjì nípa ohun tí ìró kọ̀ọ̀kan jẹ́.

Kí ni Djidji Ayôkwé wá sọ tó fi di ọ̀rọ̀ ìjọba? Ó ń pe ènìyàn sí ayẹyẹ, ó ń pe ènìyàn sí ogun, ó sì ń kìlọ̀ pé ewu ń bọ̀. Ìkìlọ̀ yìí ló bí òyìnbó nínú.

Ẹ rántí bí nǹkan ṣe rí lákòókò náà. Ní ọdún 1908, Gabriel Angoulvant di gómìnà Côte d'Ivoire. Ó sọ pé òun kò ní bá àwọn ọmọ ilẹ̀ dúnàádúrà mọ́, ipá lòun yóò fi mú wọn tẹríba. Láti ìgbà náà dé 1915, wọ́n sun abúlé, wọ́n bu owó ìtanràn lé àwọn tó bá jà, wọ́n kó àwọn tó ń gbé káàkiri inú igbó jọ sójú ọ̀nà kí wọ́n lè máa rí wọn kà, wọ́n sì gba ìbọn tó lé ní 100,000 lọ́wọ́ àwọn ará ìlú. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1910, àwọn Abbey dìde ní agbègbè Agboville, wọ́n fọ́ ojú irin tí ìjọba ń là láti Abidjan wọ inú ilẹ̀ lọ. Ọmọ ogun ló pa ìdìde náà, pẹ̀lú ìyà púpọ̀. Lẹ́yìn èyí ni Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914. Ènìyàn tó lé ní 160,000 ni Faransé kó láti àwọn ilẹ̀ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ ṣe ọmọ ogun. Àwọn tí kò lọ sógun, iṣẹ́ tipátipá ń dúró dè wọ́n: ọ̀nà títì, ojú irin, ẹrù rírù.

Nínú irú ọdún bẹ́ẹ̀, alákòóso yóò kó àwọn ṣọ́jà dìde láti lọ kó ọkùnrin nínú abúlé. Kó tó dé àárín ọ̀nà, ìlù ti sọ̀rọ̀. Bó bá fi máa wọ abúlé, arúgbó àti adìyẹ nìkan ni yóò bá. Kò sí ẹni tó yin ìbọn, kò sí ẹni tó ju òkò, síbẹ̀ wọ́n ti ṣẹ́gun rẹ̀ fún ọjọ́ náà. Bí a bá wò ó báyìí, gbígbà tí wọ́n gba Djidji Ayôkwé kò yàtọ̀ sí ìbọn tí wọ́n ń gbà. Ohun ìjà ni wọ́n kà á sí.

Wọn kò sì ṣìnà. Àwọn Faransé mọ agbára ohùn dáadáa, nítorí pé orí ohùn ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun tiwọn náà dúró lé. Nínú bárékè, fèrè idẹ ló ń jí ṣọ́jà láàárọ̀, òun ló ń pè é wá jẹun, òun ló ń ní kó tò, òun náà ló ń ní kó sùn. Lójú ogun, níbi tí ariwo ìbọn kì í ti í jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ọ̀gá, fèrè yìí ló ń sọ pé ẹ kọlù wọ́n tàbí ẹ padà sẹ́yìn. Nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tí Faidherbe dá sílẹ̀ ní Saint-Louis ní 1857, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí tirailleurs sénégalais, ẹni tí kò gbọ́ Faransé rárá gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè fèrè. Ẹni tó ń fi fèrè darí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kò ní ṣàì mọ ohun tí ìlù lè ṣe.

Kì í sì í ṣe Abidjan nìkan ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ní South Carolina ní Amẹ́ríkà, àwọn ẹrú dìde lẹ́bàá odò Stono ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1739, wọ́n ń lu ìlù bí wọ́n ti ń lọ. Òfin tí àwọn olówó ẹrú ṣe lọ́dún tó tẹ̀lé e ka ìlù àti fèrè léèwọ̀ fún ẹrú, pẹ̀lú ohun ìjà. Níbikíbi tí ẹni kan bá ti fẹ́ jọba lé ẹlòmíràn lórí nípa ipá, ohùn tí kò gbọ́ ni yóò kọ́kọ́ bẹ̀rù.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ìlù náà nísinsìnyí. Wọ́n gbé e lọ sí Bingerville, tí í ṣe olú-ìlú nígbà náà, wọ́n sì fi í sí inú ọgbà gómìnà. Ibẹ̀ ni oòrùn, òjò àti kòkòrò ti bá a fún ọdún mẹ́tàlá. Ní 1929 wọ́n fi ọkọ̀ òkun gbé e lọ sí Faransé, ó wọ mùsíọ́mù tó wà ní Trocadéro ní Paris, ó bọ́ sí Musée de l'Homme lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n sì ṣí mùsíọ́mù Quai Branly ní 2006, ó ti wà lára ẹrù tó kó lọ síbẹ̀. Ohun tó jẹ́ ohun ìjà ní 1916 di ohun ọ̀ṣọ́ ọgbà, ó tún di ohun àfihàn.

Ní Paris kan náà yìí, fèrè kan wà tí ó yẹ ká fi wé e. Ní alẹ́ ọjọ́ keje oṣù Kọkànlá ọdún 1918, nítòsí La Capelle ní àríwá Faransé, ọmọ ogun kan tó ń jẹ́ Pierre Sellier fun fèrè pé kí ìbọn dákẹ́, kí àwọn aṣojú Jámánì tó ń bọ̀ wá bẹ̀bẹ̀ fún àlàáfíà lè kọjá. Wọ́n tọ́jú fèrè tí ó fun lálẹ́ ọjọ́ náà sí Mùsíọ́mù Ológun ní Invalides. Fèrè ológun nìyẹn, ìlù ogun nìyí. Irinṣẹ́ méjì tó ti sọ ọ̀rọ̀ tó gba ẹ̀mí là, tí wọ́n wá bá ara wọn nínú ìlú kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé iwájú fèrè Sellier lè mọ orúkọ ẹni tó fun ún, ọjọ́ tó fun ún, ibi tó ti fun ún àti ohun tó fi í sọ. Nípa Djidji Ayôkwé, a mọ orúkọ ìlù, a mọ orúkọ alákòóso tó gbà á. Nínú gbogbo ìròyìn tí mo kà nípa ìpadàbọ̀ rẹ̀, mi ò tíì rí orúkọ ẹni tó di ọ̀pá mú níwájú rẹ̀, tó ń sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n sá.

Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Fèrè Sellier wà nílé láàárín àwọn tó gbọ́ èdè rẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí ó lò ní Paris, ìlù Bidjan wà láàárín àwọn tó ń wọ̀n ọ́n, tí wọ́n ń yà á ní fọ́tò, tí wọ́n sì ń tọ́jú igi rẹ̀, tí wọn kò sì gbọ́ ohun tó ń wí.

Ohun tí àìgbọ́ yìí ń ṣe fún ìlù, ẹ wò ó ní British Museum ní London. Ìlù kékeré kan wà níbẹ̀ tó dé láti Virginia ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1730, tó bọ́ sọ́wọ́ Hans Sloane, dókítà tí àkójọ rẹ̀ di ìpìlẹ̀ mùsíọ́mù náà. Fún ìgbà pípẹ́, ìlù àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n kà á sí. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni àwọn onímọ̀ yẹ igi rẹ̀ wò, tí wọ́n rí i dájú pé igi Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni, pé ìlù Akan ni, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọkọ̀ ẹrú ló gbé e sọdá òkun. Ìlù tí kò bá ní ẹni tó lè bá a sọ̀rọ̀, orúkọ tó bá wu ẹlòmíràn ni yóò máa jẹ́.

Ẹnì kan lè sọ pé ogun ló gbé gbogbo rẹ̀ wá, kò sì sí ohun tí a lè ṣe sí i. Mi ò gbà. Ogun tó mú ìlù lọ náà ló gbé fèrè wá, ẹ wo ohun tí àwa fi fèrè ṣe. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbógun ti Asante ní 1873 sí 1874, wọ́n kó àwọn ọmọ ogun West Indies wá sí Cape Coast, àwọn yẹn sì kó ẹgbẹ́ olórin wọn dání. Lásìkò iṣẹ́, orin ológun ni wọ́n ń lù. Bí wọ́n bá ti ráyè, wọ́n á fi fèrè ìjọba kan náà lu orin ìlú tiwọn. Àwọn ọ̀dọ́ Fante tẹ́tí sílẹ̀, wọ́n kọ́ ọ, nígbà tó sì di bí ọdún 1880 sí i, orin onífèrè idẹ tiwọn tí wọ́n ń pè ní adaha ti gbòde. Àwọn ìlú tí kò lówó fèrè fi ìlù àti ohùn ẹnu dá tiwọn sílẹ̀, ìyẹn ni kónkómà tó gbòde ní àwọn ọdún 1930, tó sì rìn dé ilẹ̀ Yorùbá. Ara ohun tí háíláìfù jẹ nìyẹn kó tó dàgbà. Lónìí, bí ẹ bá rí òkú àgbà tí wọ́n ń fi fèrè sin ní Èkó, kò sí ẹni tó ń rántí pé ohun èlò ogun ni.

Àwa kọ́ fèrè wọn títí ó fi ń sọ èdè wa. Àwọn mú ìlù wa lọ, wọn kò kọ́ ọ. Bí àwa náà bá wá gbà á padà tí a kò kọ́ ọ, kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín Abidjan àti Paris, yàtọ̀ sí ooru?

Mo mọ̀ pé ọ̀nà ìpadàbọ̀ yìí kò rọrùn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, Emmanuel Macron sọ ní Ouagadougou pé òun fẹ́ kí àwọn ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé Áfíríkà lè padà sí Áfíríkà. Ní 2018, Felwine Sarr àti Bénédicte Savoy kọ ìròyìn tó mì mùsíọ́mù púpọ̀ tìtì. Òfin Faransé kò jẹ́ kí ohun tó wà lọ́wọ́ mùsíọ́mù ìjọba kúrò níbẹ̀, nítorí náà òfin pàtàkì ni wọ́n ní láti ṣe kí ohun kan tó lè kúrò. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 fún àwọn ohun mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí àwọn ọmọ ogun Dodds kó ní Abomey ní 1892, tó padà sí Benin ní 2021, àti fún idà tí wọ́n sọ pé ó jẹ́ ti El Hadj Omar, tó padà sí Senegal láti Mùsíọ́mù Ológun kan náà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Macron ṣèlérí ìlù Bidjan ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, àwọn olóyè Atchan lọ sí Paris, wọ́n ṣe ètùtù sí i kí àwọn oníṣẹ́ mùsíọ́mù tó fọwọ́ kàn án láti tún un ṣe. Ẹ kíyè sí èyí: ní gbogbo ọdún tí ìlù fi wà ní Paris, ẹni tó mọ ohun tí a ń wí fún un kí a tó fọwọ́ kàn án, Abidjan ló ti wá.

Ìmọ̀ irú ìyẹn ni mo ń sọ. Ìlù tó padà wá ní láti bá ìmọ̀ nílé. Kò sì ṣòro láti rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é bó ṣe yẹ.

Ní Niagassola ní ilẹ̀ Guinea, báláfóònù kan wà tí wọ́n ń pè ní Sosso-Bala. Ìtàn ní ti Soumaoro Kanté ni, ọba jagunjagun tó bá Sundiata jà ní ọ̀rúndún kẹtàlá. Ó gùn tó mítà kan àtààbọ̀, ó ní ewé igi ogún. Ohun ìrántí ogun ni, kò sì sí ìkankan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ní ìtàn jù ú lọ. Kì í ṣe mùsíọ́mù ló ń tọ́jú rẹ̀, ẹbí ni. Àgbà kan nínú ẹbí náà ni oyè rẹ̀ jẹ́ ti olùtọ́jú báláfóònù. Òun ló ń lù ú nígbà tó bá tọ́, òun ló ń ròyìn ìtàn tó rọ̀ mọ́ ọn, òun náà ló sì ń kọ́ àwọn ọmọdé bí a ti ń lu báláfóònù.

Ní Côte d'Ivoire fúnra rẹ̀, àwọn Tagbana ní abúlé Afounkaha, ní apá Katiola, ní orin kan tí wọ́n ń pè ní gbofe. Fèrè mẹ́fà ni, gbòǹgbò igi ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì fi awọ màlúù bò ó. Àwọn ọkùnrin ń fun ọ̀rọ̀ jáde nínú fèrè, àwọn obìnrin sì ń fi orin túmọ̀ ohun tí fèrè wí, kí gbogbo àwùjọ lè gbọ́. UNESCO dárúkọ òun àti Sosso-Bala pọ̀ ní 2001 lára ohun àjogúnbá tí ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Wọn kò dárúkọ fèrè nìkan, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò dárúkọ igi báláfóònù nìkan. Ohun tí ènìyàn ń fi wọ́n ṣe ni wọ́n dárúkọ.

Abidjan tilẹ̀ ni ibi tí ẹni kan ti sọ pé ọ̀rọ̀ ìlù tó ohun tí yunifásítì ń kọ́ ènìyàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Georges Niangoran-Bouah ló pe ẹ̀kọ́ náà ní drummologie, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1981. Ohun tó ń wí ni pé ọ̀rọ̀ tí ìlù ń sọ jẹ́ àkọsílẹ̀, bí ìwé ìtàn ṣe jẹ́ àkọsílẹ̀, pé a lè gbà á sílẹ̀, ká tú u, ká sì fi kọ ìtàn àwọn tí òyìnbó sọ pé wọn kò ní ìtàn. Ìlú tó bí irú ẹ̀kọ́ yìí kò gbọdọ̀ gba ìlù rẹ̀ tó tóbi jù lọ padà bí ẹni gba àga.

Kí ni mo wá fẹ́ kí wọ́n ṣe? Àkọ́kọ́, kí wọ́n gbẹ́ àbúrò fún Djidji Ayôkwé. Ẹ̀gbọ́n ti darúgbó, kòkòrò ti jẹ ẹ́ lára, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa lù ú lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n igi ìrókò ṣì wà, agbẹ́gilére ṣì wà. Kí ẹ̀gbọ́n jókòó sí Mùsíọ́mù Àṣà àti Ọ̀làjú tó wà ní Plateau, kí àbúrò máa sọ̀rọ̀ nígboro. Ìkejì, kí wọ́n fi ìlù náà so mọ́ ayẹyẹ tí àwọn Atchan kò tíì jáwọ́ nínú rẹ̀. Ìran mẹ́rin ni wọ́n máa ń pín ara wọn sí, Dougbo, Tchagba, Blessoué àti Gnando, títí di òní ni àwọn abúlé tó wà láàárín Abidjan sì ń ṣe ayẹyẹ ìran, tí àwọn ọ̀dọ́ ń jáde bíi jagunjagun pẹ̀lú olórí ogun wọn níwájú. Ẹgbẹ́ ológun ni ètò yẹn ní ìbẹ̀rẹ̀, ìlù ogun sì mọ ibi tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ìkẹta, kí wọ́n wá àwọn àgbà tó ṣì mọ èdè ìlù, lọ́dọ̀ Atchan àti lọ́dọ̀ àwọn ará ọ̀sà tó múlé gbè wọ́n, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n fi ọmọ sí wọn lọ́wọ́, kí wọ́n sì san owó fún wọn. Ìkẹrin ló sì wúwo jù: kí èdè Atchan má kú. Ìlú tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà ènìyàn ti yí abúlé àwọn onílẹ̀ ká, Faransé sì ni èdè ọjà, èdè ilé ẹ̀kọ́ àti èdè ìfẹ́. Bí èdè bá lọ, ìlù kò ní ohun tí yóò sọ mọ́.

Àwọn kan ń bẹ̀rù olè. Òótọ́ ni pé nígbà rògbòdìyàn ọdún 2011, wọ́n kó ohun tó tó ọgọ́fà ní mùsíọ́mù Abidjan yìí, a kò sì gbọdọ̀ fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n ní 2023, British Museum fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé nǹkan bí 2,000 ohun ló ti sọnù tàbí tó ti bàjẹ́ nínú àkójọ òun, ìfura sì wà lórí ẹni inú ilé. Ibi gbogbo ni olè wà. Ìlù tí gbogbo abúlé mọ ohùn rẹ̀ ṣòro fún olè láti tà ju èyí tí ẹ̀ṣọ́ nìkan mọ̀ lọ.

Àwọn mìíràn yóò ní fóònù ti dé, ta ló tún fẹ́ fi ìlù kìlọ̀? Mo gbà. Mi ò retí pé kí ìlù máa sọ fún ará Adjamé pé ọlọ́pàá ń bọ̀ lójú títì. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tó bá lè lu gbólóhùn tí baba-ńlá rẹ̀ lù ní 1916, tó sì mọ ìdí tó fi lù ú, kò ní ka ìtàn ilẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé ẹlòmíràn. Yóò mọ̀ pé àwọn baba òun kò dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń fi ipá kó wọn. Wọ́n sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gba ẹnu wọn. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn tí wọ́n gba ìlù náà, ní 1946, òfin tí Houphouët-Boigny gbé lọ sí ilé aṣòfin Paris fòpin sí iṣẹ́ tipátipá. Ohun tí aṣòfin fi ìwé sọ, ìlù ti kọ́kọ́ sọ ọ́.

Kí àwa Yorùbá má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Abidjan nìkan ni. A ní dùndún, a ní bàtá, a ní gbẹ̀du láàfin, ẹ sì bi ara yín léèrè pé mélòó nínú wa ló gbọ́ ohun tí gángan ń wí níbi ìnáwó, yàtọ̀ sí orúkọ tiwa tí onílù ń pè kí a lè náwó. Kò sí òyìnbó tó gba ìlù wa lọ́wọ́ wa báyìí. Etí ni à ń sọ nù díẹ̀díẹ̀, láìsí ẹni tó fi ipá gbà á.

Nínú ìdílé onílù, bí wọ́n bá bí ọmọ lẹ́yìn tí àgbà onílù kú, wọ́n lè sọ ọ́ ní Àyánwálé: Àyàn ti padà wá sílé. Ọmọ ènìyàn ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ tó ní ọwọ́ tí yóò fi lù, tó sì ní etí tí yóò fi gbọ́. Wọn kì í sọ igi ní Àyánwálé. Ọjọ́ tí ọmọ Bidjan kan bá dúró nídìí ìlù ní Adjamé, tó lu ọ̀rọ̀, tí ìyá arúgbó kan sì dáhùn láti inú agboolé pé òun gbọ́, ọjọ́ náà ni Djidji Ayôkwé tó dé.